Gègé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń ra tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra tábúlẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ máa fi ọwọ́ kọ̀wé sí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn án ni bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, GB mélòó ló wà nínú rẹ̀, àti bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe ń yàwòrán. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan ìkọ̀wé. Gègé ló kan ìkọ̀wé, àti ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì tó ń gbọ́ ti gègé náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan èdè tí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n kà. Fún àwa tí a ń kọ Yorùbá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le, ibẹ̀ la sì máa pẹ́ sí jù.

Gègé mẹ́ta, ìwà mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni olórí rọ́bà. Bí ìka ọwọ́ ló ṣe rí lójú ẹ̀rọ: gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì àti fóònù ló ń gbà á, kò wọ́n, kò sì nílò bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín òun àti àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ lé gíláàsì láti kọ̀wé, ilà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí ọwọ́ wà. Ẹnu rẹ̀ tún nípọn débi pé lẹ́tà ràgàjì nìkan lẹ lè fi kọ. Ẹ má wulẹ̀ náwó lé e lórí.

Ìkejì ni irú èyí tí Samsung ń pè ní S Pen. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ Wacom ti ilẹ̀ Jàpáánì ló wà nínú rẹ̀: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ránṣẹ́ sí gègé, gègé á sì dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi nílò bátìrì kó tó kọ̀wé. Ẹ lè gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí fún ọdún kan, ọjọ́ tí ẹ bá mú un jáde náà ló máa kọ. Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 àti Tab S9 FE tó jáde ní 2023, inú páálí kan náà ni gègé wọn ń bá wọn wá. Fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, tí iná ìjọba sì ń ṣe ségesège ládùúgbò rẹ̀, irú èyí la máa kọ́kọ́ dárúkọ fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdílé Tab A o. Tab A9 àti Tab A9+ tí wọ́n jáde ní 2023 kò ní pátákó yẹn lẹ́yìn gíláàsì wọn. S Pen kò lè kọ ohunkóhun lórí wọn, bí ó ti wù kí orúkọ Samsung wà lára méjèèjì. Àwọn kan ti ra tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí, wọ́n lọ ra gègé lọ́la, wọ́n wá fi méjèèjì wo ara wọn.

Ìkẹta ni gègé oníbátìrì, irú Apple Pencil àti èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà Surface ti Microsoft. Wọ́n dára gan-an, àmọ́ ẹ ní láti máa gbé wọn sí ṣájà, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń tà wọ́n. Ẹ ro owó gègé mọ́ owó tábúlẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi wé ti ẹlòmíì.

Ọ̀dọ̀ Apple ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 2015, ìkejì ní 2018, oní-USB-C ní 2023, Pencil Pro ní 2024, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá gbogbo iPad ṣe. iPad ìran kẹwàá tó jáde ní 2022 ń gba ti àkọ́kọ́, bí ẹ bá ní ìsopọ̀ kékeré tó ń so ó mọ́ USB-C, ó sì ń gba oní-USB-C. Kò gba ìkejì. iPad Air M2 àti iPad Pro M4 ti 2024, Pencil Pro àti oní-USB-C nìkan ni wọ́n gbà. Ẹni tó bá gbé Pencil ìkejì tó wà nílé tẹ́lẹ̀ wá síbẹ̀, ó di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ béèrè ìran iPad náà ní pàtó, kí ẹ sì rí i kà fúnra yín nínú Settings, General, About.

Wọ́n á sọ fún yín pé oní-USB-C kò mọ bí èèyàn ṣe tẹ gègé mọ́lẹ̀ tó. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń yàwòrán ni ìyẹn kàn. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà kò bìkítà bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ le tàbí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ipa ọ̀nà tí ẹnu gègé gbà ló ń wò.

Ohun tí ẹ̀rọ ń wò

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ń wo àwòrán lẹ́tà bí ìgbà tí èèyàn ya fọ́tò ìwé. Gègé ló ń tẹ̀ lé bó ṣe ń lọ: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó yà sí, ìgbà tó gbé ẹnu sókè, ibi tó tún sọ̀ kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló máa fi ohun tó rí wé ọ̀rọ̀ inú èdè tí ẹ sọ fún un pé ẹ ń kọ. Tí ó bá rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ẹ wá kọ “wá”, ó lè gbé “was” fún yín pẹ̀lú ìdánilójú. Kì í ṣe pé kò ríran. Ó gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣìkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: nígbà tí Apple gbé Newton, ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí wọ́n ń fi gègé kọ̀wé sí, jáde ní 1993, bó ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ kà di àwàdà káàkiri Amẹ́ríkà. Microsoft náà gbé Windows XP Tablet PC Edition, tó wà fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi gègé kọ̀wé sí, jáde ní 2002. Ẹ̀rọ òde òní sàn ju méjèèjì lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìwà yẹn ṣì wà lára wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe “Ṣé ó ń ka ìkọ̀wé ọwọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kọ gbólóhùn kan.

Gbólóhùn tí ẹ máa kọ ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ fi hotspot fóònù yín gbé ẹ̀rọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáńlóòdù èdè kó tó lè kà á. Bó bá jẹ́ tuntun tó ṣì wà nínú páálí, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ já a. Ẹ ní kí wọ́n fi irú rẹ̀ tí wọ́n gbé síta dán an wò fún yín, tàbí kí ẹ jọ fẹnu kò pé lójú ara yín lẹ máa já a, àti pé wọ́n máa gbà á padà bí kò bá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kọ ìyẹn sórí rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí:

Ọkọ Ṣadé gbé ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ 8 péré ni. Àmì ìsàlẹ̀ 9 ló wà nínú rẹ̀, àmì ohùn 9. Ẹ yọ gbogbo àmì kúrò, ó di “Oko Sade gbe oko ati oko sinu oko”, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ bóyá oko ni wọ́n gbé lọ sí oko. Ẹ ka iye àmì tó jáde nínú 18.

Bí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá jáde, ẹ̀rọ yẹn mọ Yorùbá, kò sì wọ́pọ̀. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá jáde tí àmì ohùn sì ń sá wọlé sá jáde, ẹ ṣì lè bá a lò, ẹ̀yin lẹ máa fi kíbọ́ọ̀dù parí ìyókù. Bí lẹ́tà bá pé láìsí àmì kankan, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà. Ó wúlò fún ẹni tó ń kọ nóòtì kíláàsì ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹni tó ń kọ ìwàásù tàbí oríkì ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun ṣe kọ ọ́ náà lòun á ṣe máa tọ́jú rẹ̀, láìsọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀. Bí lẹ́tà fúnra rẹ̀ bá dàrú, tí “gb” di nǹkan mìíràn, èdè tó wà lórí rẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe èyí tí ẹ rò. Ẹ lọ yí i padà, kí ẹ tún un kọ.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí lójoojúmọ́ ń dá. Bí Yorùbá kò bá sí nínú àtòjọ, wọ́n á mú èdè Vietnam. Lẹ́tà Látìn ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ó ní ẹ, ó ní ọ, ó ní à àti á, è àti é, títí dé ù àti ú. Ohun tí kò ní ni ṣ, àti fáwẹ́lì tó ru àmì ohùn wa lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, bí ọ́ àti ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, àmì ìsàlẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ohùn ni. “Ọkọ” á bọ́ sí i, “ilé” á bọ́ sí i, “ọkọ̀” kò ní bọ́ sí i. Ẹ̀rọ náà á tún máa fa ọ̀rọ̀ yín sí ọ̀rọ̀ Vietnam tó bá jọ ọ́, torí náà ẹ má fi kọ ìwé gígùn. Fún orúkọ èèyàn àti àkọlé kúkúrú, ó ń gbani.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Àyẹ̀wò gègé ló yẹ kó ṣáájú, kì í ṣe bátìrì. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo S Pen, pátákó tó ń gbọ́ gègé yàtọ̀ sí èyí tó ń gbọ́ ìka. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ rí, ìka lè máa ṣiṣẹ́ geere kí gègé má ṣiṣẹ́ rárá, tàbí kó kú ní apá kan.

Ẹ mú rúlà dání. Ẹ ṣí ojúewé òfìfo, kí ẹ gbé rúlà lé gíláàsì láti igun kan sí èkejì, kí ẹ rọra fa ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ sún rúlà díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ tún fà. Ẹ ṣe é títí ilà á fi kún gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ wá ṣe é láti igun kejì. Ilà tó bá já níbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ti kú. Èyí tó bá ń wọ́ bí ejò nígbà tí rúlà gún, nǹkan ń dí i lọ́wọ́. Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ bọ́ ẹ̀wù ẹ̀rọ náà kúrò, torí òòfà inú ìdérí rẹ̀ lè fa irú ẹ̀. Bí ó bá ṣì ń wọ́, ẹ kúrò níbẹ̀.

Apple Pencil ti àkọ́kọ́ tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba iná, bátìrì rẹ̀ lè ti kú pátápátá, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń tú u láti pààrọ̀ rẹ̀ nírọ̀rùn. Ẹ má gba “ẹ lọ gbé e sí ṣájà nílé, ó máa jí”. Ibẹ̀ ni kó ti jí.

Ti títì pa: ẹ ní kí ẹni tó ń tà á nu gbogbo inú rẹ̀ nù lójú yín, kí ẹ̀yin fúnra yín tan án títí dé ojúewé àkọ́kọ́. Bó bá béèrè àkáǹtì Google tàbí Apple ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Bí iPad bá kọ ọ́ sínú Settings pé iléeṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan ló ń ṣàkóso òun, ẹ dá a padà, bó ti wù kó pọ́n tó.

Ààyè inú rẹ̀ kò tó nǹkan tí à ń jà sí. Ìkọ̀wé ọwọ́ kì í gba àyè bí fídíò. 64 GB tó fún ìwé nìkan, 128 GB bí ẹ bá máa kó PDF àti fídíò sí i. Tab S6 Lite àti S9 FE ní ojú tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì káàdì sí, iPad kò ní.

Títò ó nílé

Lórí Android, kíbọ́ọ̀dù Google tó ń jẹ́ Gboard ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òun ló wà lórí Samsung láti ilé, ẹ máa gbé e wá láti Play Store.

1. Ẹ ṣí Gboard, ẹ tẹ Languages, kí ẹ tẹ Add keyboard.
2. Ẹ wá Yorùbá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Lókè, wọ́n á to oríṣi kíbọ́ọ̀dù tó wà fún un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Handwriting wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ mú un pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù gidi. Bí kò bá sí, kíbọ́ọ̀dù gidi nìkan ni kí ẹ mú.
3. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, kí ẹ mú Handwriting níbẹ̀. Ẹ fi Vietnam kún un bí ẹ bá fẹ́ lo ọgbọ́n òkè yẹn.
4. Ẹ pa auto-correction, tó ń yí ọ̀rọ̀ yín padà fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fò nìyí, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.
5. Ẹ di ààmì àgbáyé mú lórí kíbọ́ọ̀dù láti máa bọ́ sí èdè míì.

Ẹni tó ń lo S Pen tún ní Samsung Notes. Ẹ kọ̀wé síbẹ̀ bó ṣe wù yín, ẹ fi irinṣẹ́ ìyíká yí ohun tí ẹ kọ po, kí ẹ mú Convert to text. Nínú Settings ẹ̀rọ náà, lábẹ́ Advanced features, S Pen, ẹ máa rí S Pen to text, tó ń jẹ́ kí ẹ kọ̀wé tààrà sínú àpótí WhatsApp tàbí ibi ìwákiri.

iPad ní tirẹ̀ ń lo Scribble, tó ń sọ ìkọ̀wé ọwọ́ di lẹ́tà títẹ̀, tó sì bá iPadOS 14 wọlé ní 2020. Settings, Apple Pencil ni ẹ ti máa tan án. Èdè tí kíbọ́ọ̀dù yín ní ló ń tẹ̀ lé, Yorùbá kò sì sí lára èdè tí Scribble ń kà, torí náà Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi gègé fa jágajàga lórí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á parẹ́. Bí ẹ bá fa ilà tó dúró gbọnrin sáàárín lẹ́tà méjì, wọ́n á pínyà tàbí kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Nínú Notes, ẹ fa gègé yí ìkọ̀wé yín po, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Copy as Text. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ kó wọn sí Text Replacement lábẹ́ General, Keyboard: kí “ekaaro” máa di “Ẹ káàárọ̀” fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ti Windows kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ lọ sí ojúewé èdè nínú Settings, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ Handwriting wà lábẹ́ èdè tí ẹ mú. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò lè ka èdè náà.

Bí ọwọ́ yín náà ṣe gbọ́dọ̀ yí padà díẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ láti fa ilà kékeré sábẹ́ ẹ àti ọ. Ẹ̀rọ sábà máa ń rò pé ilà yẹn jẹ́ apá lẹ́tà, ó lè sọ lẹ́tà ọ di g tàbí q. Ẹ fi dọ́ọ̀tì kan péré sábẹ́ rẹ̀, kí ó jìnnà díẹ̀ sí lẹ́tà. Bákan náà, ẹ má dúró dìgbà tí gbólóhùn bá parí kí ẹ tó padà wá fàmì sí gbogbo rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe nínú ìwé. Ẹ̀rọ á ti pinnu ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé, àmì tó bá sì dé lẹ́yìn lè bọ́ sí orí lẹ́tà aládùúgbò. Ẹ fàmì sí ọ̀rọ̀ kan tán kí ẹ tó kọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan dára ju èyí tó so kọ́ra lọ, pàápàá fún gb. Ẹ pa ìrù g mọ́, kí ó má kan b. Ẹ fi àyè tó tó lẹ́tà kan sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ kéékèèké. Lẹ́tà tó tóbi díẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń gbádùn jù.

Ohun tó máa ń bàjẹ́

Gíláàsì ìdáàbòbò tó nípọn máa ń jẹ́ kí ilà yọ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹnu gègé wà, ojú á wá ṣi àmì ìsàlẹ̀ gbé. Èyí tó rí bíi bébà, tó ní gírágírá díẹ̀, dára fún ọwọ́, àmọ́ ó ń jẹ ẹnu gègé. Ẹ máa ra ẹnu mìíràn pamọ́. Ti Apple Pencil, ẹ yí i sí òsì ló ń tú. Ti S Pen, irin kékeré kan ni wọ́n fi ń fà á yọ. Ẹnu tó ti jẹ títí tí nǹkan líle fi yọ lórí rẹ̀ á họ gíláàsì.

Àmì tó ń fò kúrò lórí lẹ́tà nígbà tí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ Unicode ni, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ. ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn: U+1EB9, U+1ECD, U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. ẹ ni, tí wọ́n wá gbé U+0301, ìyẹn àmì ohùn òkè, lé lórí. Fọ́ńtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yí fọ́ńtì padà, Noto Sans ń gbé e dáadáa. Ẹlòmíì tó bá fi ilà ìsàlẹ̀ tó ń jẹ́ U+0329 kọ ẹ, ojú lè ka ti yín àti tirẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, ẹ̀rọ ò ní rí i.

Ẹ má sì pa ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀. Ẹ tọ́jú méjèèjì sínú fáìlì kan, kí ẹ fi déètì sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gba àtúnṣe tó mọ àmì wa sí i, ẹ yí ìkọ̀wé kan náà po, kí ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.